Alóre Oko Àgbàdo

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ogun kò tí ì kúrò nílẹ̀ Yorùbá, ìlú tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe a máa ní alóre. Iṣẹ́ alóre kì í ṣe láti jà. Kò di dandan kí ó pa ọ̀tá kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó gun orí igi tàbí orí òkè, kí ó máa wo ọ̀nà jíjìn, kí ó sì ké sí ará ìlú nígbà tí ó bá rí eruku ẹsẹ̀ ọ̀tá lókèèrè. Bí alóre bá sùn, ìlú tí ó ní ẹgbẹ̀rún jagunjagun lè fọ́ ní òru kan ṣoṣo. Bí alóre bá wà lójúfò, àwọn díẹ̀ tí ó wà nílé a rí àyè ti ilẹ̀kùn odi. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Oko àgbàdo pẹ̀lú ní ogun tirẹ̀, òru ni ogun náà sì máa ń wọ̀ ọ́. Alóre tí àgbẹ̀ lè fi ṣọ́ ogun yìí ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Àgbárá tàbí ọ̀nà Lùsádà wọ Ìgbẹsà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lè kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ láti Sango-Ọ̀tà títí dé Àgbárá. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í wọ́n lójú títì. Ní Ìgbẹsà gan-an ni àgbègbè ìṣòwò Ogun-Guangdong wà, níbi tí àwọn ará Ṣáínà ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yà kúrò lójú títì yóò rí i pé àwọn Àwórì kò tí ì sọ ọkọ́ nù. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà lẹ́yìn ilé, wọ́n wà ní etí odò, wọ́n sì wà lórí ilẹ̀ tí a ti tà ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó rà á kò tí ì kọ́lé sí. Àgbàdo ni à ń sè, òun ni à ń sun, òun ni à ń lọ̀ fún ògì àti ẹ̀kọ, òun náà sì ni àwọn tí ń sin adìẹ ń rà. Owó ilé-ìwé ọmọ mìíràn wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó kù fún oko ń dín kù bí ilé iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí kòkòrò bá jẹ ìdajì oko kékeré run, kò sí oko mìíràn tí olóko yóò yíjú sí.

Ọ̀tá tí ń wá ní òru

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀tá yìí ti wá. Fall armyworm ni àwọn onímọ̀ ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ajàgbàdo ni a ó máa pè é, nítorí pé bí ó tilẹ̀ ń jẹ ọkà bàbà, ìrẹsì àti irúgbìn mìíràn, àgbàdo ni ó fẹ́ràn jù. Ẹnikẹ́ni kò tí ì ròyìn rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú ọdún 2016. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún náà ni a rí i lórí àgbàdo ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nẹ́, tí òun pẹ̀lú wà nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn gẹ́gẹ́ bí Ìgbẹsà. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, wà lára àwọn tí ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2016 kan náà, ìròyìn rẹ̀ jáde láti orílẹ̀-èdè Benin, láti Tógò àti láti erékùṣù São Tomé. Nígbà tí yóò fi di 2018, ó ti tàn dé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà.

Àgbà ajàgbàdo kì í jẹ ewé. Àfòpiná kékeré aláwọ̀ eérú ni, a máa sá pamọ́ ní ọ̀sán, a sì máa fò ní òru. Bí afẹ́fẹ́ bá gbè é, ó lè rin 100 kìlómítà ní òru kan. Abo rẹ̀ a máa yé ẹyin sára ewé àgbàdo, 100 sí 200 lójú kan, a sì fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n bí òwú. Kí ó tó kú, ó lè yé nǹkan bí 1,500. Ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹyin a pa, àwọn ọmọ tí ń rá bí ìdin a sì tú jáde. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọ̀tá àgbàdo. Wọn a kọ́kọ́ máa ha ojú ewé, títí yóò fi máa tàn bí gíláàsì. Lẹ́yìn náà wọn a wọ àárín ewé titun tí ó ká jọ, wọn a sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá. Wọn a tún máa jẹ ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀kan tàbí méjì péré ni a sábà máa ń bá nínú àgbàdo kan. Ìgbẹ́ wọn a dàbí èérún igi tí ayùn gé. Nígbà tí wọ́n bá yó tán, wọn a wọ inú ilẹ̀, wọn a sé ara wọn mọ́ inú èèpo, wọn a sì tún di àfòpiná. Ní àkókò ooru, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 ọjọ́ lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọmọ ajàgbàdo mọ̀, kí ó wo iwájú orí rẹ̀. Àmì kan wà níbẹ̀ bíi lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Kí ó sì wo apá ìdí rẹ̀. Àmì dúdú mẹ́rin wà níbẹ̀, tí wọ́n tò bí ẹsẹ̀ mẹ́rin àpótí.

Ibi tí ìṣòro àgbẹ̀ wà ni pé, kì í tètè rí ogun yìí. Nígbà tí ewé bá fi máa ya jálajàla tí ojú yóò fi rí i láti ọ̀nà, ọmọ kòkòrò ti dàgbà, ó ti wọ àárín àgbàdo lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti dí ẹnu ọ̀nà, tí oògùn kò fi lè tètè kàn án. Nígbà náà ni ìbẹ̀rù yóò mú àgbẹ̀. Yóò ra oògùn apakòkòrò, yóò fín in lónìí, yóò tún fín in lọ́tùn-ún, yóò sì ná owó tí kò ní. Ní àdúgbò tí ilé àti oko ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bíi ti Ìgbẹsà, oògùn tí a fín láìnídìí kì í dúró sí oko nìkan. Afẹ́fẹ́ a gbé e dé ojúlé, òjò a sì lè wọ́ ọ dé inú kànga.

Òórùn tí ń pe akọ

Bí ilẹ̀ bá ṣú, báwo ni akọ àfòpiná ṣe ń rí abo nínú oko gbalasa? Kì í ṣe ojú ni ó fi ń wá a. Jean-Henri Fabre, ará Faransé kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ìwà kòkòrò, tí ó sì kú ní 1915, ròyìn pé abo àfòpiná ńlá kan bọ́ jáde kúrò nínú èèpo rẹ̀ nínú ilé òun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó fi àwọ̀n wáyà dé e mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, nǹkan bí 40 akọ ni ó fò wọ inú ilé náà. Ní ìgbà mìíràn ó lo irú àfòpiná mìíràn. Ó fi gíláàsì dé abo mọ́lẹ̀ pinpin níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, ó sì gbé àwọ̀n tí abo náà ti sùn ní òru àná sí kọ̀rọ̀ tí ó ṣókùnkùn. Àwọn akọ fò kọjá lára gíláàsì. Ibùsùn òfìfo ni wọ́n lọ rọ̀ mọ́. Báyìí ni ó hàn gbangba pé òórùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí ojú wọn rí.

Ó wá ku kí a mọ ohun tí òórùn náà jẹ́. Adolf Butenandt, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún. Ó lo nǹkan bí 500,000 abo àfòpiná kòkòrò sílíìkì kí ó tó lè ya ìwọ̀nba díẹ̀ nínú oje náà sọ́tọ̀, kí ó sì mọ ohun tí ó jẹ́ ní 1959. Ní ọdún 1959 kan náà ni Peter Karlson àti Martin Lüscher sọ irú oje bẹ́ẹ̀ ní pheromone, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ láti gbé àti láti ru sókè. Lédè Yorùbá, a lè pè é ní òórùn ìpè. Irú kòkòrò kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní oríkì tirẹ̀. Nígbà tí a bá ki oríkì, orí ọmọ onílé ni yóò wú, àlejò yóò kàn máa gbọ́ ni. Ní òde òní, àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe òórùn ìpè abo ajàgbàdo, wọ́n sì ń fi í sínú rọ́bà kékeré kan. Akọ tí ó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ yóò rò pé abo ni ó ń pe òun.

Bí a ṣe ń gbé pàkúté kalẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yóò wá nǹkan méjì: rọ́bà olóòórùn tí a ṣe fún ajàgbàdo gan-an, àti ike tí yóò fi ṣe pàkúté. Kí ó bi àwọn tí ń ta ohun èlò oko tàbí àwọn òṣìṣẹ́ OGADEP, àjọ tí ń mú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tọ àwọn àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ. Pàkúté tí a ń rà dàbí garawa kékeré tí ó ní ìdérí. A máa ń so rọ́bà náà mọ́ abẹ́ ìdérí, àfòpiná a sì jábọ́ sínú garawa. Ẹni tí kò bá lágbára rẹ̀ lè lo ike onílítà méjì. Yóò gé ojú fèrèsé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò bu omi ọṣẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò sì fi wáyà so rọ́bà náà kọ́ sókè omi.

Kí ó má ṣe fi ọwọ́ lásán mú rọ́bà náà, nítorí pé òórùn ọwọ́, ti sìgá tàbí ti oògùn lè bà á jẹ́. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́. Èyí tí kò bá tí ì lò, kí ó fi í pamọ́ sínú fíríìjì nínú ọ̀rá rẹ̀, kí ó má sì ṣí i títí di ọjọ́ tí yóò lò ó.

Kí ó gbé pàkúté náà kọ́ nígbà tí àgbàdo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kí alóre lè dé kí ogun tó dé. Kí ó rì òpó mọ́ inú oko tàbí etí oko, kí ó so pàkúté rọ̀ sára rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan àti ìdámẹ́rin sí ilẹ̀. Bí àgbàdo bá ti ń ga, kí ó máa gbé e sókè, kí ó lè ga ju orí ewé lọ ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Kí ó ronú nípa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Ní àkókò òjò, láti ìhà òkun, ní apá Àgbádárìgì, ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ sí Ìgbẹsà. Ìhà ibẹ̀ ni ó yẹ kí pàkúté wà, kí afẹ́fẹ́ lè gbé òórùn náà kọjá lórí gbogbo àgbàdo. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, agbára òórùn náà yóò ti dín kù, kí ó fi titun rọ́pò rẹ̀. Kí ó má ṣe ju ògbólógbòó sínú oko, kí ó má baà máa pe àfòpiná síbi tí pàkúté kò sí.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ó máa tú pàkúté náà wò, kí ó ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sínú ìwé. Kí ó má ṣe ka gbogbo àfòpiná mọ́ ajàgbàdo. Ní Tógò, àwọn olùwádìí rí i pé òórùn yìí ń mú irú àfòpiná mìíràn tí à ń pè ní Leucania loreyi mọ́ ọn. Akọ ajàgbàdo ní àmì funfun ní etí ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ iwájú; èyí ni kí ó máa wò. Láti 2018 ni FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ṣe ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FAMEWS, tí àgbẹ̀ fi lè ti orí fóònù fi irú iye bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Báyìí ni ohun tí a kà ní oko kan ṣe lè di ìkìlọ̀ fún oko mìíràn.

Ohun tí alóre kò lè ṣe

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Àpẹẹrẹ kan yóò mú un yéni. Ká ní àgbẹ̀ méjì ní oko tí ó pààlà, ọ̀kan jẹ́ àgbàlagbà, èkejì jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn méjèèjì sì gbé pàkúté kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, pàkúté kọ̀ọ̀kan mú àfòpiná méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú àgbàlagbà dùn. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o rí i bí mo ti ń pa wọ́n ní ìpakúpa? Kò sí ohun tí yóò tún mú mi wọ oko títí di ìgbà ìkórè."

Ọ̀dọ́ náà dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo àárín ewé yìí ná." Bàbá wo inú ewé, ó sì rí ìgbẹ́ kòkòrò níbẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Akọ nìkan ni òórùn náà ń pè. Abo ni ó ń yé ẹyin, kò sì ní ohun tí yóò wá ṣe nínú pàkúté. Abo tí ó ti gba akọ ní oko ẹlòmíràn lè fò wá láti ọ̀nà jíjìn kí ó sì yé ẹyin rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó kú sínú omi ọṣẹ kì í ṣe ogun tí a ti ṣẹ́. Igbe alóre ni, pé ogun ti dé ẹ̀yìn odi.

Àṣìṣe kejì ni ti ẹni tí ó bá rí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ó sì sáré lọ gbé oògùn ní ọjọ́ náà. Iye tí ó wà nínú pàkúté kò sọ iye àgbàdo tí kòkòrò wà lára rẹ̀. Nígbà tí alóre bá ké, ohun tí ó kàn ni pé kí olóko wọ oko. Kí ó rìn bíi lẹ́tà W láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí ó dúró ní ibi márùn-ún, kí ó sì yẹ ogún àgbàdo wò ní ibi kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ 100. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí CIMMYT àti USAID gbé jáde ní 2018 fún àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà sọ pé, bí àgbàdo bá ṣì kéré, ó di ìgbà tí nǹkan bí 20 nínú 100 bá ní àmì ìjẹ titun kí a tó ronú oògùn. Bí ó bá ti ga, nǹkan bí 40 ni. Bí ó bá ti yọ òdòdó, kí a má fín oògùn kankan mọ́.

Bí ohun tí olóko rí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ó fi ìka tẹ ìdì ẹyin tí ó bá rí fọ́. Kí ó ṣa ọmọ kòkòrò pa. Kí ó bu eérú tàbí yanrìn díẹ̀ sí àárín ewé tí kòkòrò wà. Kí ó sì dá eèrà àti agbọ́n sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá a jẹ ọ̀tá rẹ̀. Bí ó bá wá di dandan kí ó fín oògùn, kí ó bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ léèrè èyí tí ó tọ́, kí ó bo imú àti ara rẹ̀, kí ó sì lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Ike kan, rọ́bà kékeré kan àti ìwé tí a ń kọ iye sí kò lè gba oko là fúnra wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n lè mú kí àgbẹ̀ wọ oko ní ọjọ́ tí ó tọ́, nígbà tí ẹyin ṣì wà lójú ewé tí ìka kan ṣoṣo ṣì lè ṣe ohun tí ìgò oògùn mẹ́ta kò ní lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ìlú tí alóre rẹ̀ ké, tí ará ìlú kò sì dìde, kò sàn ju ìlú tí kò ní alóre lọ.

Ìbéèrè

1. Kí ni iṣẹ́ alóre ní ayé àtijọ́? Ní ọ̀nà wo ni pàkúté olóòórùn fi jọ ọ́?
2. Ìlú méjì wo ni a ti kọ́kọ́ rí ajàgbàdo ní ilẹ̀ Yorùbá, ní ọdún wo sì ni?
3. Báwo ni Fabre ṣe fi hàn pé kì í ṣe ojú ni akọ àfòpiná fi ń wá abo?
4. Kí ni ìdí tí pípa akọ nínú pàkúté kò fi lè gba oko là?
5. Ṣe àlàyé òwe yìí, kí o sì fi í wé ohun tí o kà: "Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n."
6. Kọ àròkọ ojú ìwé kan lórí kòkòrò kan tí ń ba irúgbìn jẹ́ ní àdúgbò rẹ, àti bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń bá a jà.